Ẹ Má Fi Ọwọ́ Mi Gba Físà

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Agége lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà… ẹ fara balẹ̀ ná. Ìwọ onífọ́tò, gbé kámẹ́rà yẹn sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán kí n tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí.

Mo ní nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ni mo wà. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ ká gbọ́ra wa, ojú la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí… ẹrù tí wọ́n kó dé láti òkè òkun ló kún inú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, Wúràọlá, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó nílùú òyìnbó. Wọ́n mú wa lọ gba físà. Físà olóṣù díẹ̀ ni, ọjọ́ tó máa parí wà lára rẹ̀. Òyìnbó tó jókòó síbẹ̀ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnìkan ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, torí mi ò tíì mọ̀wé nígbà náà. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó lọ síléèwé. Òyìnbó náà ní ṣé màá padà? Mo ní màá padà. Ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi. Obì ni wọ́n ń tà ní Agége, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí mò ń lọ. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Wọ́n béèrè ìgbà tí màá dé. Ìgbà tí mo dáhùn tán ni wọ́n tó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ibi tí o sọ pé ò ń lọ ni kí o gúnlẹ̀ sí. Ìgbà tí o sọ pé o ó dé ni kí a rí ọ."

Nígbà tó ku díẹ̀ kí físà parí, Wúràọlá ní òun ò padà sílé mọ́. Ó ní, "Kí lo fẹ́ padà lọ ṣe? Ìdí ẹ̀rọ?" Mo ní mo ti sọ fún bàbá mi pé mò ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo padà. Ẹ gbọ́, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Agége. Bí mo bá lọ pọnmi, wọn a ní, "Ẹ yà fún ìyáàfin tí òyìnbó lé." Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ò tíì parọ́ rí." Ni wọ́n bá ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Lónìí ńkọ́? Èyí tó gba físà pé òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ló ń lọ ṣe. Èyí tó lọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, kò mọ̀nà ilé mọ́. Ó sú mi. Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, tìrẹ tún wá yàtọ̀. Yunifásítì gbà ọ́ lóòótọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ọkọ rẹ̀ dání, o lọ wá ọkọ. Ọkọ físà. Òun á san owó iléèwé rẹ, ìwọ á mú un wọ̀lú òyìnbó, lẹ́yìn náà kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ẹ máa lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Lónìí ẹ gbé onífọ́tò wá, ẹ kúnlẹ̀ níwájú mi, ẹ ní kí n ṣàdúrà, kí ẹ́ńbásì lè rí i pé ẹbí mọ̀ sí i.

Irú kí lèyí?

Ṣebí gbogbo yín gbọ́ nígbà tí mo bi ọmọkùnrin yìí pé kí ni ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn láti máa jẹ. Ó ní ẹ̀wà. Ẹ̀wà… ọmọ tó máa ń sá jáde bí mo bá gbé ẹ̀wà kaná. Mo ní orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ó wo fóònù. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa onífọ́tò.

O ń sunkún, Tèmítọ́pẹ́. Mo gbọ́ ohun tí o sọ. O ní, "Màmá àgbà, gbogbo nǹkan ti pé, ọwọ́ yín nìkan ló kù. Bí ẹ bá kọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn." Mo mọ̀. Mi ò lówó tí màá fi rọ́pò èyí tí ọmọkùnrin yìí fẹ́ san, mi ò sì ní parọ́ fún ọ pé mo ní. Ó ṣeé ṣe kí o má lọ lọ́dún yìí. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ni mo gbé lé ọ lórí lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà ni màá gbé lé ọ lórí lọ́jọ́ tí o bá ń lọ sílé ọkọ ní tòótọ́. Bí mo bá fi gba físà lónìí, kí ni màá fi súre fún ọ lọ́jọ́ náà?

Dìde, ọmọkùnrin. Mi ò bá ọ jà. Lọ jókòó sórí àga yẹn, wọ́n á bu omi fún ọ.

Tèmítọ́pẹ́, má dìde ní tìrẹ. Ìwọ nìkan ni màá ṣàdúrà fún. Níbo lò ń lọ? … Ó dáa. Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? … Ìwé. Ó dáa. Ìgbà wo lo máa dé?

…

Mo ní ìgbà wo lo máa dé?

Ìwọ náà ò rò ó rí. Ọmọ ayé òde òní… Ó dáa, rò ó. Màá dúró.

Onífọ́tò, lọ jókòó ti ọkọ físà. A ṣì máa pẹ́ níbí.