Ìsàlẹ̀ Ni Epo Náà Wà

Ẹ fa àga sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá wọn, ìwọ náà jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó yá kí n sọ tèmi, bó ti wù kó dójú tì mí tó.

Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá yín, èmi ni mo fà á. Ibi epo kékeré kan wà tí ilé iṣẹ́ wa fẹ́ pa tì, wọ́n ní kò lè pa owó wọlé. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń wa ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà ká gbẹ́ kànga kan ṣoṣo: kó lọ sísàlẹ̀, kó wá yí, kó máa lọ gbalaja nínú iyanrìn tí epo wà. Ibẹ̀ la ó ti mọ bí epo náà ṣe pọ̀ tó, ibẹ̀ náà la ó ti máa fà á. Iyanrìn ọ̀hún kò ga ju yàrá yìí lọ. Èmi ni mò ń wo kọ̀ǹpútà, tí mò ń sọ ibi tí wọn yóò darí ẹ̀rọ sí.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn mi, ó ní: "Ọkọ àbúrò mi, a ti ń gùnkè jù. Sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀."

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ibí kọ́ ni pálọ̀ yín." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó sí mi lórí.

Kò pẹ́ tí amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde dípò iyanrìn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a ti gba òkè rẹ̀ yọ. Ká ní mo sọ ọ́ ni, à bá fa irin ìgbẹ́lẹ̀ padà ká tún un ṣe, wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n mo ní iyanrìn ti tán. Iyanrìn tó wà lábẹ́ wa níbẹ̀! Inú ara mi ṣì ń bí mi.

Wọ́n dí kànga náà pa. Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ pé a gùnkè, ó pè wá, ó ní: "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa gùnkè?" Mo ní Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó wo òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ mi, ó sì gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Wọ́n lé e. Ilé iṣẹ́ epo kankan ò gbà á mọ́, ẹ̀rọ omi ló ń tún ṣe kiri. Màmá wọn, ìwọ alára ń dá a lẹ́bi, o ní ó fẹ́ kó bá mi, mo sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lánàá tó wá kí mi, ó bá mi tún ìrọ̀rí ṣe, ó rọra bi mí pé: "Ìsàlẹ̀ ni, àbí?" Mo díbọ́n bí ẹni tó sùn.

Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ ẹ bá ṣìnà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tètè wí. Màmá wọn, jọ̀ọ́, pè é lórí fóònù. Kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ, kó o wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó dáríjì mí, bí kò dáríjì mí, ṣáà sọ fún un pé ìsàlẹ̀ ni.