Ẹni Tó Di Etí Aṣọ Kejì Mú

Alága wa, ọ̀gá àwọn dókítà ilé ìwòsàn yìí, mo kí yín. Pásítọ̀ wa, tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí omi inú ife wa fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin alásè tí ìtasánsán oúnjẹ yín kò jẹ́ kí n rántí ohun tí mo fẹ́ sọ, mo kí yín. Ọkọ mi, tó ń ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ló sùn lọ nígbà tí Alága ń sọ̀rọ̀, mo rí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ wá bá mi ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, ẹ kú ìjókòó.

Inú mi ń dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n kọ́kọ́ jó. Orúnkún ló ní kí n fara balẹ̀.

Mo mọ̀ pé Màmá Sítáàṣì lẹ máa ń pè mí lẹ́yìn. Ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo ilé, kí ló kù tí kò mọ̀? Mo gbà pé mo le. Mo ti fi sítáàṣì sí aṣọ funfun Alága rí débi pé nígbà tí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, ṣe ló dá dúró. Ẹ forí jì mí, sà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ibùsùn ló wà lọ́kàn mi lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ rí, ẹ gbọ́: ẹni méjì ní í ká a. Ìwọ á di etí méjì mú, ẹnì kejì rẹ á di méjì mú, ẹ ó nà án, ẹ ó ṣẹ́ ẹ po, ẹ ó sì rìn pàdé ara yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pàdé, ojú á ko ojú. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí, ká má tíì sọ aṣọ ibùsùn.

Ẹnì kejì tèmi ni Rédíò, àbúrò mi níbi iṣẹ́, tó jókòó nítòsí fèrèsé yẹn. Ẹ mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́ ní Rédíò. Láti àárọ̀ títí a ó fi tilẹ̀kùn, ìròyìn ni.

Nígbà tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù òkè, tí kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá á dìde, mò ń wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni mò ń wò. Àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: Olúwa, wò mí. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wá dé. À ń ká aṣọ, a pàdé, a túká, a tún pàdé, mo wá ṣàkíyèsí pé etí mi ń sinmi. Rédíò ò sọ nǹkan kan láti àárọ̀. Mo gbójú sókè, omijé kún ojú ẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa ká aṣọ."

"Mo ní kí ló dé?"

Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ó ti ń rọbí láti àná ní yàrá ìgbẹ̀bí, kò tíì bí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ yín yìí, ta ni màá fi yín sílẹ̀ fún?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ewu, èmi ló dúró tì. Mo rántí Olúwa wa lórí àgbélébùú: nínú ìrora yẹn, ó ṣì wolẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Èmi tí wọn ò kàn ní ìṣó kankan, aṣọ ni mò ń wò. Ojú tì mí. Mo gba aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, "Kọjá sọ́dọ̀ ọmọ ẹ, kí n tó fi sítáàṣì sí ìwọ náà lára."

Ó sáré lọ. Ó wá ku èmi àti òkìtì aṣọ. Mo so etí kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo ń fà á, mo ń kọrin ìyìn, ẹkún ń gbe orin. Ó ń lọ dáadáa títí ẹnì kan fi ṣí ilẹ̀kùn látìta. Aṣọ fà mí, mo fò síwájú, mo bo onítọ̀hún mọ́lẹ̀ tèmi taṣọ. Ni ohùn kan bá ń ti inú aṣọ jáde: "Màmá, ọkọ yín ti jí. Wọ́n ń béèrè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀."

Alága wa nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ bojú, sà. Nígbà tí mo wo ọkọ mi tán, ṣé ẹ mọ̀ pé dókítà yìí padà wá di etí aṣọ kejì mú? Wọn ò mọ̀ ọ́n ká, kí n má purọ́. Ohun tá a ká lọ́jọ́ náà jọ ìrọ̀rí. Ibẹ̀ la wà tí Rédíò fi já wọlé: "Obìnrin ni! Ìyá àtọmọ wà láyọ̀!" Ohùn ẹ̀ ò tíì wálẹ̀ títí dòní.

Ó dáa. Alága, ẹ gbé ife yín. Pásítọ̀, ẹ gbé Bíbélì yín. Aṣọ tábìlì yìí ni mo fẹ́ ká kẹ́yìn. Rédíò, wá dì í mú. Nà án. Máa bọ̀ wá pàdé mi. Wò ó, ẹni tó ní òun ò ní sunkún.

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, tó o jókòó lẹ́yìn pátápátá, ọmọ mi, wá gba etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ilé ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dìde, ìwọ nìkan ni ò tíì rín. Mi ò ní bi ọ́ níbí. Ṣáà di aṣọ mú. Rédíò, ẹnì kejì rẹ nìyí. Bí ẹ bá ti pàdé, má wo aṣọ o. Ojú ẹ̀ ni kó o wò.

Ìṣòro ò ní bò yín lójú débi tí ẹ ò ní rí ẹlòmíì. Ẹ ò ní na aṣọ kí ẹ má rí ẹni bá yín dì í mú. Ní tèmi, aṣọ pọ̀ nílé, ọwọ́ ọkọ mi sì ti le dáadáa. Kí wọ́n má sùn mọ́.

Mo ní kí Olúwa wò mí, ojú yín ló fi wò mí. Ẹ ṣé o.