Bíríkì Ni Àbúrò Mi Rí

Ẹ má tíì sún mọ́ tábìlì yẹn. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà wà nínú àwo rẹ̀, kí máíkírósíkóòpù náà sì wà lábẹ́ aṣọ tí mo fi bò ó. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó fojú kàn án lónìí, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi. Ó ti ń gbé inú mi bí egungun ẹja tó há sọ́fun: mo ń jẹun, mo ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó wá, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá sọ ọ́ látorí, màá sọ ọ́ di ìtàn aládùn, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. Èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ káàánú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò àtiwọlé sílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, Tíṣà lẹ ń pè mí. N kò kàwé débi tí ẹ rò. Ìwé ìtàn ni mo fi dàgbà, ìwé ìtàn àyálò, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí ẹlòmíràn ti kọ orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ sí etí ojú ewé. Nígbà tí tíṣà tó ń kọ́ àwọn tó ṣáájú yín ní bàọ́lọ́jì níbí kó lọ sí ìlú mìíràn, àǹtí mi tó ni ilé ẹ̀kọ́ yìí wá bá mi ní yàrá. Ó ní, "Ìwọ tó o máa ń sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ á gbàgbé àtilọ sílé, ṣé o ò lè sọ ìtàn sẹ́ẹ̀lì fún wọn ni?" Mo ní, "Àǹtí, mi ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀." Ó ní, "Ta ni wọ́n bí i mọ́? Kà á lónìí, kọ́ wọn lọ́la." Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn.

N kò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ilé ni sẹ́ẹ̀lì, ilé tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Mo ní núkílíọ́ọ̀sì ni baálé, òun ló mọ bí gbogbo nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ rí. Mitokọ́ńdríà ni ilé ìdáná, ibẹ̀ ni agbára ti ń jáde. Awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń yan ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa padà síta. Ọmọkùnrin kan wà tá a ń pè ní Lọ́yà, torí kò sí ohun tí kì í jiyàn lé. Ó ní, "Tíṣà, ìyàwó baálé ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi obìnrin wà láàárín wọn. Kílódé là ń pè é nílé, nítorí láti kékeré kò sí ohun tó rí tí kò ní béèrè pé kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà, láti ìgbà tí bàbá wa ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, tí òun máa ń di ọwọ́ Bàbá mú kí nọ́ọ̀sì tó fún wọn lábẹ́rẹ́. Bàbá kú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn kò kú.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ fẹ́ wo awọ àlùbọ́sà, ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, àyálò náà ni, ojú ewé tí wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì ewéko sí sì ti fà ya kúrò nínú rẹ̀. Ti ẹranko nìkan ni mo rí, roboto ló sì rí. Mo bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú àlùbọ́sà, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo kán omi sí i. Ó yẹ kí etí kan lára gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bò ó kọ́kọ́ kan omi, kí n wá rọra sọ ìyókù kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Èmi kò mọ̀. Mo dé e lé e bí ẹni dé ìkòkò. Mo fojú sí awò máíkírósíkóòpù náà, mo sì rí nǹkan roboto kan, etí rẹ̀ dúdú kirikiri, inú rẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Ọkàn mi jó. Mo ní, "Sẹ́ẹ̀lì rèé." Mo yà á sójú pátákó. Gbogbo wọn wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ya roboto.

Ó kan Kílódé. Ó pẹ́ lórí awò náà. Ó fọwọ́ sún gíláàsì díẹ̀ sápá kan, ó ya nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí roboto yẹn. Àmọ́ nǹkan míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó dà bí bíríkì tí wọ́n tò, bíríkì gbọọrọ gbọọrọ, àmì kékeré kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Lọ́yà ní, "Kílódé ti rí ilé tí bíríkìlà ò tíì rẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo pátákó, mo wo roboto mi tó dára lójú mi bí òṣùpá. N kò tiẹ̀ tẹ̀ síwájú láti wo ohun tó rí. Mo ní, "Ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́. Nu ìyẹn kúrò, kó o ya ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ rí." Ó nù ún kúrò.

Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju bí mo ṣe gba ara mi gbọ́ lọ. Ó délé, ó sọ fún Màmá pé ojú ń dun òun. Màmá ṣí àpótí, wọ́n gbé awò ojú Bàbá jáde, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ò ní jẹ́ kó o ṣubú." Ó fẹ̀ jù fún un, ó ń yọ̀ wá sórí imú. Èmi náà ni mo fi òwú so apá rẹ̀ méjèèjì kó má bàa jábọ́. Bó bá ti kàwé díẹ̀, á di orí mú. Á ní, "Orí ń fọ́ mi o, àmọ́ ó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́."

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ, àìmọ̀ là bá pè é. Ṣùgbọ́n kí ìdánwò tó dé, mo yá ìwé mìíràn, odindi. Mo rí i níbẹ̀ pé ohun roboto tí etí rẹ̀ dúdú máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jẹ. Afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ tó há sínú omi. Wọ́n ya awọ àlùbọ́sà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bíríkì, gbọọrọ gbọọrọ, núkílíọ́ọ̀sì kékeré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pa ìwé náà dé bí ẹni pé ó lè pariwo. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo sọ fún kíláàsì pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé yìí ń mi tábìlì jù, a ò ní lo máíkírósíkóòpù mọ́. Orúkọ yẹn, Tíṣà, ló dùn mọ́ mi létí tí mo fi ta àbúrò mi.

Ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, Kílódé ń lọ aṣọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá ní ká wo máíkírósíkóòpù, tí ojú mi tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kí ni kí n yà?"

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ló burú jù. Mo mọ̀. Ẹnu mi kò há. Mo ní, "Ya ohun tí mo kọ́ ẹ."

Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àlùbọ́sà ni wọ́n gbé fún wa. Bíríkì nìkan ni mo tún rí, kò tiẹ̀ sí roboto kankan. Àmọ́ mo rántí yín, mo ya roboto." Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Kílódé kò wọlé. Lọ́yà wọlé. Ó ní, "Ohun tí mo rí ni mo yà. Ṣé wọ́n ní ká ya ohun tí Tíṣà rí ni?" Àbúrò mi ní òun ò ní ṣe ìdánwò mọ́, pé kí ni ẹni tí kò ríran fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe. Láti ìgbà yẹn, n kò gbọ́ "kí ló dé" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ilé wa wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ṣẹ́gun mi.

Lánàá, nígbà tó ń fọ abọ́, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún àbúrò mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó yọ awò ojú náà, ó wo òwú tí mo so. Ó ní, "Ojú Bàbá ni mo wá ń gbé kiri. Abájọ tí mo fi ń wo gbogbo nǹkan bí àgbàlagbà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó wá ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Mo kàn dúpẹ́ pé ó béèrè. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì yín o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn ná, kí wọ́n tó fojú kan máíkírósíkóòpù náà."

Mo ti sọ ọ́. Àǹtí mi, tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá fẹ́ wá tíṣà mìíràn, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe nu ohun tí ojú yín rí kúrò nítorí pé ẹnu ẹnìkan dùn, ì báà jẹ́ èmi. Bí ẹ bá rí ohun tí n kò rí, ẹ fà mí láṣọ.

Kílódé wà lórí àga ẹ̀yìn yẹn. Kò wọ awò ojú. Òun ló máa dé gíláàsì lónìí, òun ló sì máa kọ́kọ́ wò ó. Ṣọ́ọ̀kì rèé lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi, máa bọ̀. Sọ ohun tó o bá rí fún mi, èmi ni màá yà á.