Ẹnu Ta Ni Wọ́n Fi Díyelé Láníyì?

Ẹ̀yin ará mi, ojú ń tì mí láti dúró síwájú yín, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé e mì. Gbogbo wa la mọ̀ pé Arákùnrin Láníyì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, iye tí wọ́n ń bèèrè kò sì wálẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán tí a gbà fún un, mo forí lé àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì níhìn-ín, oorun sì gbé mi lọ.

Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ìyá Ṣadé, wá wo ohun tí ẹ ń gbàdúrà lé lórí.”

A sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ gbóná, èéfín di mí nímú, mo ń ké Jésù, mo ń ké Jésù, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́! Àwọn ajínigbé tó ti kú ni mo bá nínú iná. Ohùn kan ń bi wọ́n pé, “Ta ni yóò san owó ìràpadà yín?” Wọ́n pe ìyá wọn, wọ́n pe ọmọ wọn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tí wọ́n máa bèèrè?”

Ó ní, “Àwọn olè tó ń gba ọkọ̀ lójú òkun a máa wo bí ẹrù ṣe tẹ ọkọ̀ wọnú omi tó, kí wọ́n lè mọ bí ọrọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní ti ènìyàn, ẹnu àwọn ará rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.”

Ó na ọwọ́ síwájú. Àwọn kan jókòó níbẹ̀, ahọ́n wọn wú débi pé ẹnu wọn kò lè pa dé. Àga kan ṣófo láàárín wọn. Gèlè tí mo wé níbi ìkórè wà lórí rẹ̀, máìkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè.

Ará, ẹ rántí ìkórè ìjọ wa. Kí àwọn yòókù lè dáwó, èmi ni mo pariwo pé, “Olówó wa dé! Ẹni tó ni oko kòkó láti títì dé odò!” Láníyì ń mi orí pé rárá, mo ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é. Oko olóko tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí fún onílẹ̀! Ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá náà ní, “Ẹni tó gbọ́ ọ níbẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn tó jí Láníyì gbé.” Ìtìjú bò mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó wá mú mi dé ibi tútù kan. Àwọn tó kú sí ìgbèkùn ń sinmi níbẹ̀, wọ́n ń bó ọsàn jẹ. Ọ̀kan nínú wọn ń tẹ́ ẹní tuntun. Mo bi í pé ta ló ń tẹ́ ẹ fún.

“Láníyì ni, bí ẹ kò bá tètè sọ òtítọ́.”

Igbe ni mo fi jí. Ìyàwó Láníyì ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó ní, “Mà, mo ti ń bi ara mi pé ta ló sọ fún wọn pé olóko kòkó ni ọkọ mi.”

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín, ará. Ẹ má fi irọ́ yin ẹnìkejì yín. Àwọn ajínigbé ní àwọn yóò pè nírọ̀lẹ́ yìí, fóònù tí wọ́n ń pè sí sì ti wà lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo sọ Láníyì di olówó ni yóò sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa. Ẹ má gbàdúrà kí ojú má tì mí. Ẹ gbàdúrà kí wọ́n gbà mí gbọ́.