Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Sọ Di Òwúrọ̀ Kan

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti pé ogún ọdún, ó tilẹ̀ fi ẹyọ kan lé e. Ó ti rẹ òun náà, ó sì ti rẹ èmi tí mo gbé e pọ̀n. Dókítà tó ń tọ́jú mi kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ó ní kí n palẹ̀ mọ́. Ẹrù tí mo ní kò pọ̀, àfi ẹyọ kan yìí, ọ̀rọ̀ ikú ìyàwó àbúrò mi. Àbúrò mi gbà pé òun lòun jẹ̀bi ikú náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ń wò ó níran. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀, ẹnu mi á tún wá irọ́ mìíràn. Mo mọ ẹnu mi.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo fi jẹun. Yàrá gbọọrọ kan ni ṣọ́ọ̀bù wa, máṣíìnì mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì agéṣọ láàrin, èmi ọ̀gá sì wà nídìí áyọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má lè jáde kí n má rí i. Ìyàwó àbúrò mi ló ń ṣí ojú bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ là ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí inú bá run ẹnikẹ́ni láàrin wa, a ó fi aṣọ òwú we áyọ́ọ̀nù gbígbóná nílọ́po mẹ́rin, a ó gbé e lé e níkùn, onítọ̀hún á sì padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara máa ń tù wọ́n, torí ọ̀pọ̀ inú rírun ló jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ń lọ: èyí tí àjẹjù fà, èyí tí ìgbẹ́ tó há fà, èyí tó ń bá nǹkan oṣù obìnrin rìn. Áyọ́ọ̀nù wá ń gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí a ṣe sọ irin di dókítà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ fẹ́ wọlé ìwé ni. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ kún ilẹ̀ dé orúnkún. Lọ́jọ́ Ajé, Abẹ́rẹ́ ní ìdodo ń dun òun, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun òun. Mo gbé áyọ́ọ̀nù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ikùn yìí dáadáa o, kó rí pẹlẹbẹ, kí n lè rí síkẹ́ẹ̀tì ìgbà ọmọge mi wọ̀." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrora náà ti kúrò ní ìdodo, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì sínú garawa tí a ń kó àjákù aṣọ sí, kò sì lè nà tán bó bá dìde. Agéṣọ wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní inú rírun tó ń ṣí kiri, tó ní ibà àti èébì nínú, kì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù mọ́, ká máa gbé e lọ ọsibítù. Mo bi í bóyá òun ló máa ṣí ojú bọ́tìnnì ọ̀ọ́dúnrún aṣọ. Mo ní àwọn ìyàwó òde òní, bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ni inú wọn ń run. Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́, n kò wo ilẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo bu oògùn tí ń fọ inú fún un, ṣíbí méjì, mo sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ dán irú ẹ̀ wò láé, pé ńṣe ló dà bí ẹni ń lu àpò tó ti wú tán.

Nírọ̀lẹ́, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọkọ mi." Ọkọ̀ akẹ́rù ni àbúrò mi ń wà. Ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sí i lọ́sẹ̀ náà, tó ti ń sùn mọ́jú, kò tó ìrìn wákàtí kan sí wa. Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́, á dé, á gbé ìyàwó rẹ̀ lọ, iṣẹ́ á sì dúró. Fóònù mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Mo bọ́ síta, mo di fóònù mọ́ etí, mo ka ení, èjì dé ogún, mo padà wọlé. Mo ní fóònù rẹ̀ ti kú. N kò tẹ nọ́ńbà kankan.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ní ìrora náà fúyẹ́ lójijì. Mo bojú wo agéṣọ bí ẹni jagun ṣẹ́gun. Kò pẹ́ tí ikùn náà fi le bíi pákó, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ẹ̀rù ló gbé mi dé ọsibítù, kì í ṣe àánú. Èrò pọ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì, ó ń bá ọkùnrin kan wí pé ó fi ìyá rẹ̀ sílé fọ́jọ́ méjì kó tó gbé e wá. Ìyẹn ló já mi láyà. Nígbà tó kàn wá, ó bi wá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

"Òwúrọ̀ yìí ni," mo yára dáhùn. "Oúnjẹ tó ti bà jẹ́ ló jẹ."

Ó bèèrè bóyá a ti lo nǹkan kan. Mo ní rárá. Abẹ́rẹ́ gbójú sókè, ó wò mí. Ẹnu tó mú tó yẹn kò sọ nǹkan kan. Ó kà mí sí ìyá ọkọ, kò fẹ́ já mi nírọ́ níwájú àlejò. Ó rẹ ojú sílẹ̀. Mo ti rí ìbínú rí, wọ́n ti ṣépè fún mi rí, kò sí èyí tó wúwo tó ojú yẹn. Wọ́n ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì, pé àwọn tí tiwọn le jù ló wà níwájú. A jókòó títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un jáde, ó ní ìfun kékeré kan bí ìka ọwọ́ ló wú tó sì bẹ́. "Mọ́mì, ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti òwúrọ̀ yìí o." Mo tẹnu mọ́ ọn pé ti òwúrọ̀ yìí ni. Ní Ọjọ́bọ̀, Abẹ́rẹ́ kú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi pé a pè é, fóònù rẹ̀ ni kò lọ. Ó fara ti ògiri, ó ronú, ó ní bóyá ìgbà tí òun sùn lábẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì kú. Mo fún un ní irọ́, òun fúnra rẹ̀ wá àyè sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí fóònù kú mọ́. Ó ń gbé e wọ ilé ìwẹ̀, ó ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, bó bá dún fún ẹlòmíràn nínú ọkọ̀, òun ni á kọ́kọ́ fò sókè. Mo bẹ agéṣọ àti àwọn yòókù, wọ́n bá mi pa ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà mọ́, agéṣọ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti gbé tirẹ̀ lọ sọ́run. Èmi ni mo tọ́ ọmọ tí Abẹ́rẹ́ fi sílẹ̀, Ìyá ló sì ń pè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, inú rírun tó le, tó ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, tó bá ibà tàbí èébì tí kò dáwọ́ dúró rìn, ikùn tó le gan-an, ìgbẹ́ tó dúdú tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, tàbí ìrora tó mú aláboyún àti ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, ẹ má tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ gbéra. Bí wọ́n bá sì bèèrè iye ọjọ́, ẹ ka iye ọjọ́. Ìtìjú kì í pani bí irọ́.

Àbúrò mi, bí o bá lè forí jì mí, ṣe é nítorí Ọlọ́run. Bí kò bá ṣeé ṣe, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bí o bá ka ìwé yìí tán, pa fóònù yẹn, kí o sùn. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ tí o kò gbọ́.