Ẹ̀dà Ìgbà Wo?

Níbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agbowó, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, tó di láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mú, tí kò fẹ́ gbé e fún ọmọbìnrin tó fẹ́ bá a tún un ṣe.

"Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a rà á. Ohun tó ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ọmọ mi ń sọ sójú ẹ̀rọ kí n lè kà á, ó bá a lọ."

"Èmi ò ní dá nǹkan kan padà, mà. Fáìlì mélòó kan ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ yín ní ẹ̀dà wọn nípamọ́, òun ni màá fi rọ́pò wọn."

"Ẹ̀dà ìgbà wo?"

Mo gbé orí sókè. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè gan-an nìyẹn.

"Ti ìsinsìnyí ni, mà. Bí àtúnṣe tuntun bá ti wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tó wà nípamọ́ náà á di tuntun."

"Lọ́jọ́ Àìkú ni ọmọ ọmọ mi máa pè mí lórí rẹ̀ o. Bí mi ò bá rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà, ńṣe ni màá kàn máa rẹ́rìn-ín sí i bí ère."

Ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu kí ìyá má bàa ti ètè rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ, ó rọra sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀. Ìyá wọ awò ojú.

"Ta lò ń pè ní oníyọnu?"

"Ẹ ka ìyókù, mà."

Ìyá ka ibi tó ti sọ pé ìbéèrè oníyọnu náà mú ọgbọ́n dání, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ọmọbìnrin náà létí.