Bátìrì Tí Ó Gbiná Nínú Àmùrè Bàbá Ìbùkún

Ògo ni fún Ọba tí ó ń paná kí omi tó dé! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ohùn sókè, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa dé gárèèjì. Halelúyà!

Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó lanu. Ẹ máa rín in, ẹ̀rín ni mo bá wá. Ṣùgbọ́n àlejò wà láàárín wa lónìí, àwọn mìíràn yóò sì ka ẹ̀rí yìí nínú ìwé ìjọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Ẹni tí ó bá ìrù nìkan, kò lè mọ ẹran tí a pa.

Ọkọ mi, Bàbá Ìbùkún, awakọ̀ ni. Kòkó ni ó ń kó láti Ago Alaye àti àwọn abúlé Odigbo wá sí Ore. Kí ó tó fẹ́ mi ni ó ti ń fa sìgá. Ìjọ wa kò sì fàyè gba sìgá. Wòlíì bá a sọ̀rọ̀ títí. Ìyá rẹ̀ fi èdè Ìkálẹ̀ bú u títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní ìdájí, àwọn àkùkọ àdúgbò a dákẹ́, wọ́n á rò pé ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí ó yá, àbúrò rẹ̀ tí ó ń gbé ní Benin mú sìgá oníbátìrì kan wá fún un. Féèpù ni àwọn ọmọ gárèèjì ń pè é. Ó rí bí fèrè kékeré. Omi olóòórùn dídùn ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, bátìrì á mú omi náà gbóná, á di ooru, wọ́n á wá máa fà á. Lóòótọ́, ọkọ mi fi sìgá oníṣáná sílẹ̀, ikọ́ rẹ̀ sì dín kù. Ṣùgbọ́n ó di lọ́yà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, èyí kì í ṣe sìgá. Kò sí iná níbẹ̀. Ooru lásán ni, bí ooru orí ẹ̀kọ."

Mo ní, "Ẹ̀kọ wo nìyẹn, tí ó ń ta sánsán bí ọ̀pẹ òyìnbó?"

Bátìrì méjì ni ó bá ẹ̀rọ náà wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìka ọwọ́, pẹ̀lú ṣájà tirẹ̀ àti àpótí ike kékeré tí wọ́n ní kí ó máa tọ́jú wọn sí. Bàbá Ìbùkún sọ àpótí náà di ilé igi ìtayín. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn bátìrì náà kú, ó lọ bá ẹni tí ó ń tún láńtà oníṣáàjì ṣe ní oríta, ó sì ra ọ̀kan tí wọ́n tú lára láńtà tó ti bàjẹ́. Ó tì í bọ ihò, ó wọlé, ojú iná tàn. Ìyẹn ti tó o. Kò wò ó pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé bátìrì náà lára ti ya, tí irin rẹ̀ hàn síta bí orúnkún ọmọ tí ó ṣubú.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ wo sùtánà tí a wọ̀. Tiwa kò ní àpò. Ohun tí ọkùnrin bá mú wá sí ìsìn, inú áńkáṣíìfù ni ó ń dì í sí, á ta á ní kókó, á kì í bọ inú àmùrè ní ìbàdí. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó rí ibi nínú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, owó ọrẹ, àti bátìrì alára-yíya yẹn, tí ó fẹ́ fi pààrọ̀ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn ìsìn, pọ̀ sínú áńkáṣíìfù kan ṣoṣo. Ó ta á ní kókó tí ó le bí ojú èkùrọ́. Ó ń lọ sin Ọlọ́run.

A dé inú orin ìyìn. Ọkọ mi kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà mọ̀. Àga ọkọ̀ ti bá ìdí rẹ̀ dá májẹ̀mú. Lójijì ni mo rí i tí ó fò. Ó tún fò. Ó gbá ìbàdí mú, ó ń yí po bí òkòtó. Ó ya ẹnu, ohùn kò jáde. Ìyá Ìjọ wa ní Ẹ̀mí ti bà lé Bàbá Ìbùkún, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Àwọn alágogo fi kún agogo. Àwọn olórin gbé orin sókè. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn dìde lórí bẹ́ǹṣì láti wo iṣẹ́ Olúwa.

Èmi ni mo mọ ọkùnrin mi. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀, mo sì rí èéfín. Aṣọ funfun ń di dúdú ní ìbàdí. Ó ń fa àmùrè, àmùrè kò tú, ọwọ́ rẹ̀ ń jóná. Mo ké. Wòlíì wa, kí Ọlọ́run pa yín mọ́ fún wa, sà, ẹ̀yin ni ẹ gbé gàràwá omi àdúrà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, tí ẹ sì dà á lé e lára pátá. Alàgbà kan fi ọ̀bẹ tí a fi ń gé èso gé àmùrè náà. Áńkáṣíìfù já bọ́, bátìrì ṣì ń hó nínú rẹ̀ bí ejò tí a tẹ̀ ní ìrù.

Ọkọ̀ Sàlámì ni a fi gbé e lọ sí ọsibítù. Mùsùlùmí ni Sàlámì, awakọ̀ bíi ti ọkọ mi, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. A bá a níbi tí ó ti ń fọ ọkọ̀. Kò béèrè ohun kan. Ó ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ọṣẹ ṣì wà lójú gíláàsì.

Obìnrin ni dókítà tí ó gbà wá. Ó wo ojú ọgbẹ́ náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó pè mí síta.

Ó ní, "Mà, ẹ má sunkún, kò ní kú. Ibi tí iná ti jó o ni ó ń bà mí lẹ́rù. Oríkèé itan ni, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Tí ó bá san tí awọ ibẹ̀ bá fà le, ẹsẹ̀ yẹn lè má ká mọ́."

Mo ní, "Dókítà, awakọ̀ ni."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún yín."

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ tí kò ká, báwo ni yóò ṣe gun ọkọ̀? Báwo ni yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní Odigbo? Wọ́n ní tí kò bá dára láìpẹ́, àwọn yóò gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kí wọ́n gé awọ níbòmíràn lára rẹ̀ láti fi lẹ ibẹ̀. Àwọn kan nílùú sì ń sọ pé ìdájọ́ ni, pé sìgá ni Ọlọ́run bínú sí. N kò bá wọn jà. Mo ní tí ó bá jẹ́ ìdájọ́ ni, Onídàájọ́ náà ni mo ń lọ bẹ̀. Ẹ̀yin náà sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ ń gbàdúrà, ẹ ń gbé oúnjẹ wá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ní ọjọ́ kan Sàlámì wá wò ó. Bí ó ṣe jókòó ni ó bẹ̀rẹ̀: "Bàbá Ìbùkún, ẹ ní kò sí iná nínú nǹkan yín. Iná tí kò sí yìí mà le o."

Ọkọ mi ní, "Jọ̀ọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú ọgbẹ́ ń fà mí."

Dókítà wọlé láti wo ọgbẹ́, ó sì béèrè bí ó ṣe gbé bátìrì náà. Ọkọ mi sọ ọ́. Dókítà ní orí bátìrì àti ìdí rẹ̀, tàbí irin ara rẹ̀ tí ọ̀rá bá ti ya, kò gbọdọ̀ rí irin tí yóò so wọ́n pọ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti so wọ́n pọ̀, agbára inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á di iná. Sàlámì ti ń fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dúró. Ó ki ọwọ́ bọ àpò sòkòtò, ó sì fa ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú bátìrì féèpù tirẹ̀ láàárín wọn. Bàbá àgbà kan wà ní ibùsùn kejì, tí kò tíì dìde láti ìgbà tí a ti dé. Bàbá náà dìde.

Dókítà gba bátìrì náà, ó yí i wò. Ó ní ọ̀rá ara èyí kò tíì ya, ọpẹ́ ni. Tí ó bá ti ya, kí wọ́n má lò ó mọ́. Ó ní inú àpótí ike tirẹ̀ ni bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọdọ̀ máa wà. Ó ní kí wọ́n má ra èyí tí a tú lára láńtà tàbí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má fi ṣájà ẹ̀rọ mìíràn ṣáàjì í, kí wọ́n má ṣáàjì í sùn, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Ọkọ mi ní, "Ṣùgbọ́n ó bá ihò rẹ̀ mu, Dókítà."

Dókítà ní, "Bíbá ihò mu kọ́ ni bíbá iṣẹ́ mu."

Sàlámì béèrè bí òun yóò ṣe mọ ojúlówó. Dókítà ní kí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí a ó tún bá níbẹ̀ lọ́la, kí ó ra irú èyí tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà dárúkọ, kí ó sì sá fún bátìrì tí ó ń fọ́nnu agbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìtọ́jú bátìrì tí ń yọ, kí ó mú ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kì í yọ, tí ó ń pa ara rẹ̀ tí ó bá gbóná jù. Ó wá wo àwọn méjèèjì, ó ní èyí tí ó dára jù ni kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró kò bẹ̀ wọ́n ní ooru.

Ojúmọ́ ń mọ́, ọgbẹ́ ń gbẹ. Nọ́ọ̀sì kan ń wá ká ẹsẹ̀ náà fún un, ọkọ mi á ké, nọ́ọ̀sì á ní kí ó máa ké, kí òun ṣáà rí ẹsẹ̀ kí ó ká. Mò ń gbààwẹ̀, mò ń dúpẹ́ sílẹ̀ de ohun tí n kò tíì rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ẹ̀kọ dé, n kò bá ọkọ mi lórí ibùsùn. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo rí i nílẹ̀. Ó lóṣòó, ó ń wo abẹ́ ibùsùn.

Mo ní, "Bàbá Ìbùkún, kí ni ẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ní, "Sálúbàtà mi ni mò ń wá. Ta ló tì í sábẹ́ yìí?"

Mo ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Ó wò ó. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti lóṣòó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ dànù lọ́wọ́ mi. Dókítà wá, ó ká ẹsẹ̀ náà, ó nà án, ó tún ká a. Ó ní kò sí awọ tí àwọn yóò gé mọ́, kí a máa lọ sílé. Mo ké halelúyà nínú ọsibítù, bàbá ibùsùn kejì sì ṣe àmín.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: féèpù ṣì ń wù ú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò tíì fi kan ẹnu. Orógbó ni ó ń rún. Sàlámì ní tirẹ̀ ti ra èyí tí bátìrì rẹ̀ kì í yọ, ó ń lo ṣájà tí ó bá a wá. Kí wọ́n tó gbéra ní gárèèjì, wọ́n ń tú àpò ara wọn wò bí ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi tiyín pamọ́, a kò ní lé yín. Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jó yín.

Ìwọ tí o wà nínú wàhálà, tí wọ́n ní tìrẹ kò ní ká mọ́, tí àwọn ènìyàn ń pè é ní ìdájọ́, má gbé ẹkún rẹ lọ síbòmíràn. Ẹni tí ó gbọ́ tèmi kò tíì di etí.

Bàbá Ìbùkún, ẹ jáde síwájú. Ẹ má tijú. Bàbá yín wá láti Odigbo lónìí, àga iwájú ni wọ́n wà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí ìjọ rí i.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Ẹsẹ̀ ká. Àyà kan ilẹ̀. Bàbá ní kí ó dìde, pé ó tó. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù ú.